Owó Ta Ni A Fi Ń Wo Inú Agbárí?

Olùkọ́ kan kọ̀wé sí mi láti Iléṣà. Ìwé náà gùn, ó sì gbóná bí ọ̀sán gangan. Ó ní òun gbọ́ pé ìjọba Amẹ́ríkà ń ná ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là lọ́dọọdún kí àwọn onímọ̀ lè rí ọ̀nà tuntun láti máa wo ọpọlọ ènìyàn láìla orí, láìgún un ní nǹkan kan. Ó wá bi mí pé: "Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé ibi tó yẹ kí a kó owó orí mẹ̀kúnnù sí nìyẹn? Oníṣòwò tó fẹ́ ta ẹ̀rọ, kí ló dé tí kò fi owó àpò ara rẹ̀ ṣe é?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti òpè. Àwọn aṣòfin ìlú òyìnbó pàápàá ń bi ara wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti jẹ́ kí owó náà já wálẹ̀, bí ẹ ó ṣe rí i níwájú. Èmi ní ìdáhùn tèmi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá sí àgbàlá wa ná.

Bàbá kan jókòó, ó ń jẹ iyán. Lójijì òkèlè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Apá ọ̀tún kú mọ́ ọn lára, ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ kò já gaara mọ́. Ilé pariwo: ẹ̀gbà ni! Ẹ̀gbà náà ni lóòótọ́, èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní sítírókù. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà pé méjì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì dí iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ọpọlọ. Èkejì ni pé iṣan náà bẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà sínú orí. Bí dókítà bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, àwọn méjèèjì lè jọra bí ìbejì. Oògùn kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá rí i gbà kí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ tó pé, ó ṣeé ṣe kí ó padà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Bí ẹ bá fún ẹnì kejì ní oògùn kan náà, ẹ lè fi pa á. Ta ni yóò sọ èyí tó jẹ́? Kò sí àgbà tó lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n dájú, kò sì sí dókítà. Àfi kí a wo inú agbárí, kí a sì tètè wò ó.

Látijọ́, àtiwò ó fúnra rẹ̀, ìyà ni. X-ray a máa fi egungun hàn kedere, ṣùgbọ́n ọpọlọ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ìtànṣán náà ń gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ní ọdún 1919 oníṣẹ́ abẹ kan ní Baltimore, Walter Dandy, kọ ọgbọ́n kan jáde. Wọn á gún aláìsàn ní ọ̀pá ẹ̀yìn, wọn á fa omi tó yí ọpọlọ ká jáde, wọn á sì fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé dípò rẹ̀, kí ibi tí afẹ́fẹ́ wà lè yàtọ̀ nínú àwòrán. Wọn á de aláìsàn mọ́ àga, wọn á yí i síwá, wọn á yí i sẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ lè rìn dé gbogbo kọ̀rọ̀ orí. Ẹ̀fọ́rí tó ń tẹ̀lé e kì í ṣe kékeré, èébì ń bá a rìn, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan kí ara tó balẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún nǹkan bí 50 ọdún. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ọmọ Àwẹ́, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, dé sí UCH Ìbàdàn ní ọdún 1962, irú ọ̀nà líle báyìí ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní lọ́wọ́ káàkiri ayé. Ẹ bá mi yẹ́ ẹ sí.

Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni Godfrey Hounsfield, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ EMI ní Hayes, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. EMI yìí náà ló ń ṣe àwo orin àwọn Beatles. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìtàn kan ṣe gba ayé kan pé owó orin Beatles ni a fi ṣe ẹ̀rọ CT. Ìtàn dídùn ni, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn dókítà pàápàá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2012 àwọn oníṣègùn méjì ní Kánádà tú ìwé ìnáwó náà wò, wọ́n sì rí i pé owó tí ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ná lé e lórí ju ti EMI lọ fíìfíì. Ẹ wo bí ó ṣe rí: olórin gba ìyìn, ẹni tó san owó orí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe ohun rere.

Kí ló dé tí EMI ń lọ́ra? Ilé iṣẹ́ náà kì í ṣe oníṣòwò ẹ̀rọ ìṣègùn. Hounsfield to ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́ sórí ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí àwọn oníṣẹ́ irin fi ń yí irin gbẹ́. Nígbà tó kọ́kọ́ dán an wò, ọjọ́ 9 ló fi ya àwòrán kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà sì tún fi wákàtí méjì ààbọ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀yin ìyálọ́jà tó ń ka ìwé wa, ẹ bá mi dá sí i: ta ni nínú yín tí yóò kó owó lé irú ọjà bẹ́ẹ̀? Aláìsàn wo ni yóò dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 9 láìmira? Oníṣòwò tó bá sá fún un kò ya aláìgbọ́n, nítorí pé owó rẹ̀ ni ó ń ṣọ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló kó owó lé e.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, 1971, ọjọ́ tí àwa níbí ń ṣe ayẹyẹ ọdún kọkànlá òmìnira wa, wọ́n fi ẹ̀rọ náà wo orí obìnrin kan ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Wimbledon. Dókítà James Ambrose ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n ti fura pé kókó kan wà nínú ọpọlọ obìnrin náà. Àwòrán fi kókó náà hàn ní iwájú orí, lápá òsì. Nígbà tí oníṣẹ́ abẹ la ibẹ̀, ohun tó wà nínú àwòrán gẹ́lẹ́ ló bá. Láti ọjọ́ yẹn ni fífẹ́ afẹ́fẹ́ sínú orí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò láyé.

Ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé Allan Cormack, tí a bí ní Johannesburg. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Cape Town ní ọdún 1956 nígbà tí ìṣirò tó wà nídìí irú àwòrán yìí wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1963 àti 1964, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń pariwo sínú igbó ni. Ekukáká ni ẹnìkan fi bèèrè nípa rẹ̀. Ní ọdún 1979 òun àti Hounsfield jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

MRI tó tẹ̀lé e kò lo X-ray rárá. Òòfà ńlá ni. Ara wa kún fún omi; òòfà náà a mú kí àwọn haidirójìn inú omi náà tò, ìgbì rédíò a kàn wọ́n, wọn a dáhùn, a ó sì fi ìdáhùn wọn ya àwòrán. Paul Lauterbur ní Amẹ́ríkà àti Peter Mansfield ní Nottingham ni wọ́n fún ní Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 2003. Yunifásítì tí owó ìjọba ń gbé ró ni àwọn méjèèjì ti ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ ó ní, bí a bá ti ní CT, tí a ní MRI, kí ló tún kù tí a ń wá owó sí? Ó kù púpọ̀. Ẹ̀rọ MRI ilé ìwòsàn ńlá wúwo tó tọ́ọ̀nù mélòó kan, ariwo rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ̀rọ ata mẹ́wàá ń lọ pọ̀, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ sùn gbalaja nínú ihò tóóró láìmira. Ọmọ kékeré kò lè ṣe é bí wọn kò bá fún un lóògùn oorun. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n kò lè ṣe é. Ó ń fi bí ọpọlọ ṣe rí hàn wá dáadáa, ṣùgbọ́n ọpọlọ yára ju bí ó ṣe ń wò ó lọ. Bí wárápá bá fẹ́ gbé ènìyàn, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nínú orí lè ti tàn dé ibòmíràn kí ẹ̀rọ náà tó mọ̀.

Ìdí nìyẹn tí Ààrẹ Obama fi kéde iṣẹ́ kan ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, 2013, tí wọ́n pè ní BRAIN Initiative, tó sì ní kí wọ́n wá 100 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún àkọ́kọ́. Ní ọdún 2014 NIH, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, pín 46 mílíọ̀nù dọ́là àkọ́kọ́ tirẹ̀. Lára àwọn tó rí nínú rẹ̀ gbà ni àwọn ará Yunifásítì West Virginia, tí wọ́n ń wá bí ènìyàn ṣe lè dé akoto kan sórí, kí akoto náà máa ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀ bó ṣe ń rìn kiri. Ní ọdún 2017 àwọn ará Berkeley ní California gba ohun tó ju 13 mílíọ̀nù dọ́là lọ láti ṣe MRI kan tó lè rí ohun tó kéré sí ìdajì mílímítà. Ọdún 2023 ni wọ́n tó fi èsì rẹ̀ han ayé. Ẹ ṣírò ọdún náà wò.

Ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù nínú gbogbo wọn ni ti Nottingham, níbi tí Mansfield ti ṣe tirẹ̀ lọ́jọ́ sí. Nígbà tí ọpọlọ bá ń ṣiṣẹ́, ó ń mú agbára òòfà díẹ̀ jáde. Díẹ̀ náà kéré débi pé ti ilẹ̀ ayé fi ìlọ́po tó ju mílíọ̀nù 100 lọ jù ú. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n inú hílíọ̀mù olómi tó tutù tó ìwọ̀n 269 sísàlẹ̀ òdo ni ohun èlò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ènìyàn á ki orí bọ abẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí àwọn obìnrin bá jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹrun lọ́dọ̀ onídìrí, kò sì gbọ́dọ̀ mi. Ní ọdún 2018 àwọn ará Nottingham àti ti University College ní Lọ́ńdọ̀nù fi akoto kan hàn tí kò nílò òtútù yẹn mọ́. Ẹni tó dé e ń mi orí, ó ń mu tíì, ó ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré sókè, ẹ̀rọ sì ń gbọ́ ọpọlọ rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀lé e wọ́n to ohun èlò náà sínú akoto àwọn ọmọdé tó ń gun kẹ̀kẹ́, wọ́n sì fi wo ọmọ ọdún 2 àti ọmọ ọdún 5. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní wárápá mọ ohun tí mo ń wí.

Owó ta ni? Apá kan jẹ́ ti Wellcome, àjọ aláàánú ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Apá kan wá láti inú 270 mílíọ̀nù pọ́n-ùn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde ní ọdún 2013 fún irú ìmọ̀ tí ohun èlò náà ti jáde. Ní ọdún 2020 ni ilé iṣẹ́ kan tó dá sílẹ̀ láti máa ta akoto náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Olùkọ́ wa, ẹ rí oníṣòwò tí ẹ ń bèèrè. Ó dé. Lẹ́yìn tí ọ̀nà ti là ni ó dé.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ti owó tó ń já wálẹ̀. Ní ọdún 2016 Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tó ya nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.5 dọ́là sọ́tọ̀ fún BRAIN Initiative fún ọdún 10. Inú òfin náà ni wọ́n ti kọ iye ti ọdún kọ̀ọ̀kan sí: ó ń gòkè títí, ó tún ń sọ̀. Ní ọdún ìnáwó 2023, bí a bá ro ti òfin yìí pọ̀ mọ́ ti ìnáwó ọdọọdún, 680 mílíọ̀nù dọ́là ni iṣẹ́ náà rí gbà. Ní 2024, èyí tó ti inú òfin wá já láti 450 sí 172, àwọn aṣòfin kò sì dí àlàfo náà. Àpapọ̀ di 402. Ní 2025 ó di 321. Láàárín ọdún méjì, ó ti kéré sí ìdajì. Kò sí ẹni tó dìde ní gbangba láti sọ pé òun fẹ́ pa iṣẹ́ náà. Wọ́n kàn jókòó ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti fi ọdún márùn-ún kọ́ bí a ṣe ń to irú òòfà bẹ́ẹ̀ yóò gba ilé báǹkì lọ, nítorí pé ó ní ìyàwó tó ń bọ́, ẹ̀rọ tó bá kù díẹ̀ kí ó parí a sì di irin tutù.

Mo gbà fún olùkọ́ wa níbì kan ṣá. Ìjọba pẹ̀lú a máa ṣìnà. Ní ọdún 2013 kan náà, àwọn ìjọba Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n fojú bù sí bílíọ̀nù 1 yúrò, tí àwọn olórí rẹ̀ ṣèlérí pé àwọn yóò fi kọ̀ǹpútà ṣe odindi ọpọlọ ènìyàn. Kò pé ọdún méjì tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún onímọ̀ fi kọ̀wé pé ọ̀nà náà kò dára. Iṣẹ́ náà parí ní ọdún 2023. Ó fi àwọn àwòrán ọpọlọ tó wúlò sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣèlérí, ẹ kò ní rí i. Bákan náà, akoto West Virginia tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò tíì di ohun tí ẹ lè bá ní ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá ní gbogbo owó ìwádìí ló ń so èso, irọ́ ló ń pa.

Ohun mìíràn tún wà tí mi ò fẹ́ fi pamọ́. Ẹni tó bá sanwó ló ń bèèrè ìbéèrè. Ní ọdún 2019 DARPA, ẹ̀ka ìwádìí ilé iṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà, fún ẹgbẹ́ mẹ́fà lówó kí wọ́n wá bí sọ́jà ṣe lè fi èrò inú rẹ̀ darí ẹ̀rọ láìṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà fẹ́ wo ọpọlọ nítorí ẹ̀gbà. Ọ̀gágun fẹ́ wò ó nítorí ogun. Ìmọ̀ náà lè jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ tí yóò ti inú rẹ̀ jáde kò ní jọra. Àwa tí a kò san nǹkan kan ńkọ́? Ẹ̀rọ tí wọ́n bá ṣe fún ilé onílé ni wọn yóò tà fún wa.

Ìyà tó ń jẹ wá gan-an nìyẹn. Ní ọdún 2018 Dókítà Godwin Ogbole ti UCH Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iye ẹ̀rọ MRI tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde. Wọ́n rí 84, fún ènìyàn tó ju 370 mílíọ̀nù lọ. Nàìjíríà ní 58 nínú wọn. Ní Jàpáánù, ẹ̀rọ tó wà fún mílíọ̀nù kan ènìyàn péré lé ní 50. Èmi kò gbà pé àìlówó nìkan ló fà á. A ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyẹn fún ilé ìwòsàn tí iná kì í kú níbẹ̀, tí hílíọ̀mù kò wọ́n ní ìlú rẹ̀, tí ẹnjiníà tó mọ̀ ọ́n tún ṣe wà ní ìkòríta kejì. Bí a bá gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, tí iná ń lọ tó ń bọ̀, tí ẹ̀yà kan bá bàjẹ́, àfi kí a dúró de òkè òkun.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Mbarara ní Uganda. Àwọn ọmọ kékeré tí omi ń kún orí wọn pọ̀ ní agbègbè náà, dókítà sì gbọ́dọ̀ máa wo orí wọn léraléra. Àwọn onímọ̀ yunifásítì Mbarara àti ti Leiden ní ilẹ̀ Họ́lándì, pẹ̀lú àwọn ará Amẹ́ríkà, jókòó, wọ́n ro irú MRI tí ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ lè lò. Wọn kò wá agbára ńlá. Òòfà kéékèèké ni wọ́n tò pọ̀, agbára rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú 30 ti MRI tó wọ́pọ̀ lọ, kò sì nílò hílíọ̀mù. Ní ọdún 2022 wọ́n kó àwọn ẹ̀yà rẹ̀ dé Mbarara, wọ́n tò ó níbẹ̀, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ya àwòrán. Àwòrán náà kò mọ́lẹ̀ tó ti Berkeley. Kò sì sí ẹni tó ní kí ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀; ibi tí omi wà nínú orí ọmọ ni wọ́n fẹ́ rí. Owó ìwádìí ìjọba Họ́lándì àti ti Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà, ti Uganda ni.

Nàìjíríà kò ṣàìmọ èyí. Ìlú Èkó wa níhìn-ín ni àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ti pàdé ní oṣù Kẹrin, 1980, tí wọ́n sì fẹnu kò pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí ó ń mú jáde lọ́dún bọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ní ọdún 2006 wọ́n tún un sọ ní Khartoum. Nàìjíríà kò tíì dé ibẹ̀. Bí ìdá kan yẹn bá wà, mo mọ ibi tí n óò kọ́kọ́ ní kí wọ́n kó díẹ̀ nínú rẹ̀ sí: ẹ̀rọ tí kò wọ́n, tí iná tó ń ṣẹ́jú kò lè bà jẹ́, tí yóò sọ fún dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ dì ni tàbí iṣan bẹ́, kí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ tó pé.

Ẹni tó bá wà ní Àbújá tàbí ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kan, tó sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún yẹn dé lórí tábìlì wọn, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí mi. N óò tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé yìí, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ tàbí láìsí i, bó bá ṣe fẹ́.